Ọ̀nà Ìdó Kò Jìn: Jẹjẹrẹ Próstéètì Àti Àwọn Ọkùnrin Àríwá Èkìtì

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2014, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, tó pé ẹni ọgọ́rin ọdún lóṣù Keje ọdún náà, sọ ohun tí àgbà ọkùnrin Yorùbá kì í sábà sọ síta. Ó ní wọ́n rí jẹjẹrẹ próstéètì lára òun ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, òun gba ìtọ́jú fún nǹkan bí oṣù mẹ́wàá, ara òun sì ti yá. Kò fi ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ ahọ́n, kò sì ní kí ẹnikẹ́ni bá òun káàánú.

Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 2023, Gómìnà Rótìmí Akérédolú ti ìpínlẹ̀ Òǹdó kú sí orílẹ̀-èdè Jámánì lẹ́ni ọdún 67. Jẹjẹrẹ próstéètì yìí kan náà ni ìjọba rẹ̀ kéde pé ó pa á. Ìyàwó rẹ̀, Betty Anyanwu-Akérédolú, ni ẹni tó dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀ ní ọdún 1997 lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ jẹjẹrẹ ọyàn, láti máa la àwọn obìnrin lọ́yẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé wọn ò mọ orúkọ jẹjẹrẹ nínú ilé yẹn. Bí àrùn yìí bá lè wọ ilé ọ̀mọ̀wé tó gba ẹ̀bùn Nobel, tó tún wọ ilé gómìnà, kí ni ká wá sọ nípa àgbẹ̀ kòkó tó wà ní Ìpaò, tàbí tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì sí Ayédé, tí kò sẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò rí láyé rẹ̀?

Jẹjẹrẹ próstéètì ló wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo jẹjẹrẹ tó ń ṣe ọkùnrin ní Nàìjíríà. Àjọ tó ń ṣírò ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ kárí ayé fojú bù ú pé lọ́dún 2020 nìkan, ó lé ní 15,000 ọkùnrin ilẹ̀ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní in, àwọn tó sì bá a lọ lọ́dún kan náà lé ní 8,000. Ẹ wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí wọ́n ń rí i lára wọn níbẹ̀ lọ́dọọdún lé ní 50,000, àwọn tó sì ń kú jẹ́ nǹkan bí 12,000. Tiwọn kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Tiwa ju ìdajì lọ. Lóòótọ́, àyẹ̀wò tó pọ̀ lọ́dọ̀ wọn máa ń rí èyí tí kò ní pa ẹnikẹ́ni mọ́ èyí tó lè pani, ìyẹn sì wà nínú ìṣirò náà. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú ìyàtọ̀ yẹn kò ṣẹ̀yìn ìgbà tí èèyàn dé ọ̀dọ̀ dókítà. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹni tí wọ́n bá rí tirẹ̀ nígbà tí kò tíì kúrò lójú kan, ìrètí wà pé yóò lò ju ọdún márùn-ún lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́. Ẹni tí tirẹ̀ ti wọ egungun kó tó mọ̀, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ni ó máa ń rí ọdún márùn-ún yẹn.

Àwa ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ni ọ̀rọ̀ náà tún kàn jù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnì kan nínú ọkùnrin mẹ́jọ ló máa ń ní àrùn yìí láyé rẹ̀. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú, ẹnì kan nínú mẹ́rin ni. Ọmọ Èkìtì tó ń gbé ní Peckham ní London mọ iye yìí, nítorí wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri fún un. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà nílé ní Ọyẹ́, ẹ̀jẹ̀ kan náà ló wà lára wọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún un.

Kí gan-an ni próstéètì? Ẹran ara kékeré kan ni, kò ju awùsá lọ, ó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀, ojú ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Òun ló ń pèsè díẹ̀ lára omi tó ń gbé àtọ̀. Bí ọkùnrin bá ń dàgbà, ó sábà máa ń wú, wíwú lásán tí kì í ṣe jẹjẹrẹ. Wíwú yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ láti inú, nítòsí ojú ọ̀nà ìtọ̀, ó sì máa ń fún un pa. Ìdí nìyẹn tí ìtọ̀ fi ń já ní díẹ̀díẹ̀, tí bàbá fi ń jí lẹ́ẹ̀mẹrin lóru. Jẹjẹrẹ ní tirẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní eteetí, níbi tó jìnnà sí ojú ọ̀nà ìtọ̀. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ìtọ̀ máa já geere, kí ọkùnrin náà máa gun igi ọ̀pẹ, kó máa kọ ebè. Ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ ń já dáadáa lè ní i, ẹni tí tirẹ̀ kò já dáadáa sì lè má ní i. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun yóò dúró di ìgbà tí nǹkan bá ń dun òun, àrùn náà ló ń fún láyè.

Bí ìrora bá sì wá dé nígbẹ̀yìn, ẹ̀yìn àti ìbàdí ló sábà máa ń gbà wá, nítorí egungun ni jẹjẹrẹ yìí fẹ́ràn láti sá lọ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹ̀yìn ń ro bàbá, wọ́n ní làkúrègbé ni. Ìtọ̀ ń ta á, wọ́n ní àtọ̀sí ìgbà èwe ló tún gbérí. Ìdí wúwo, wọ́n ní jẹdíjẹdí ni. Ọkọ̀ alágbo kò ní pẹ́ dé ọjà pẹ̀lú gbohùngbohùn, wọ́n á sì ní oògùn kan náà yóò wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sàn. Bàbá á ra ìgò kan, lẹ́yìn náà á ra ìkejì. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú nítorí pé jẹjẹrẹ ti ń tẹ ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, ilé á ní ayé ló fi ṣe é. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ẹ̀tẹ̀ yàtọ̀ sí làpálàpá kò lẹ́bi púpọ̀.

Ẹ̀bi púpọ̀ wà níbòmíràn. Ẹ wọ ilé ìwòsàn alábọ́dé èyíkéyìí láàárín Ìkọ̀lé àti Ọ̀tùn, kí ẹ wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Ọjọ́ wà fún aláboyún, ọjọ́ wà fún abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé, ọjọ́ wà fún ìfètòsọ́mọbíbí. Obìnrin tó bí ọmọ mẹ́rin, nọ́ọ̀sì ti wọn ìfúnpá rẹ̀ ju ogún ìgbà lọ kó tó pé ogójì ọdún. Ọkọ rẹ̀ kò ní ọjọ́ kankan. Láti ìgbà tó ti gba abẹ́rẹ́ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó lè pé ẹni ọgọ́ta ọdún láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ ìlera kan fọwọ́ kàn án, àfi bí ọ̀kadà bá gbá a tàbí bí àdá bá ṣá a lẹ́sẹ̀. A ní ọkùnrin kì í lọ sílé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn náà kò pè é rí.

Ẹ̀rù sì wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ abẹ́ ikùn ni, ọkùnrin sì gbà pé ibẹ̀ ni ọkùnrin òun wà. Ọ̀pọ̀ gbọ́ pé dókítà yóò fi ìka wọ ìdí àwọn, wọ́n sì sá. Lóòótọ́, dókítà lè wọ ìbọ̀wọ́ kó sì fi ìka kan yẹ próstéètì wò láti ẹ̀yìn. Kò gba ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lápá ni àyẹ̀wò sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá rí nǹkan, wọ́n á gba agbára ọkùnrin lọ́wọ́ àwọn. Ohun tó burú nínú ẹ̀rù yìí ni pé ó ń fà wá sọ́dọ̀ ohun tí a ń sá fún. Ní ọdún 1941, Charles Huggins àti Clarence Hodges fi hàn ní Chicago pé èròjà ara tí kórópọ̀n ń ṣe ló ń bọ́ jẹjẹrẹ próstéètì. Huggins gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní ọdún 1966. Láti ìgbà náà, ẹni tí tirẹ̀ bá ti tàn ká ara, gígé kórópọ̀n kúrò tàbí abẹ́rẹ́ tó ń pa iṣẹ́ rẹ̀ kú ni ìtọ́jú àkọ́kọ́. Nítorí pé abẹ́rẹ́ náà wọ́n, gígé ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin Nàìjíríà ń gbà. Ẹni tó tètè dé lè má dé ibẹ̀ rárá: wọ́n lè ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n lè fi ìtànṣán tọ́jú rẹ̀, tàbí kí wọ́n kàn máa ṣọ́ ọ bí tirẹ̀ kò bá le. Ẹni tó sá fún àyẹ̀wò nítorí ọkùnrin rẹ̀ ni ọkùnrin rẹ̀ wà nínú ewu jù.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí à ń wí yìí, PSA ni wọ́n ń pè é ní láàbù. Ó ń wọn èròjà kan tí próstéètì máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ láàbù fi nọ́ńbà 4 ṣe ààlà. Kí á sọ òtítọ́ nípa rẹ̀: kì í ṣe àyẹ̀wò jẹjẹrẹ. Próstéètì tó wú lásán lè gbé e sókè, kòkòrò inú ìtọ̀ lè gbé e sókè, kódà kí ọkùnrin bá obìnrin sùn láàárín ọjọ́ méjì ṣáájú lè gbé e sókè díẹ̀. Oògùn finasteride tí àwọn kan ń lò fún próstéètì wíwú máa ń bù ú sí méjì, nítorí náà ẹni tó bá ń lò ó gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà. Nọ́ńbà tó ga kò túmọ̀ sí ikú, èyí tó kéré náà kò sì fi gbogbo ara dájú.

Àwọn onímọ̀ pàápàá jiyàn lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Yúróòpù láàárín ọkùnrin tó lé ní 160,000, èyí tí wọ́n gbé àbájáde ọdún 23 rẹ̀ jáde ní 2025, ikú láti ọwọ́ jẹjẹrẹ yìí fi ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín àwọn tí wọ́n pè wá fún àyẹ̀wò PSA. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gba ẹ̀mí ẹnì kan là, ọkùnrin 456 ni wọ́n pè, wọ́n sì rí jẹjẹrẹ lára àwọn kan tí kì bá tí yọ wọ́n lẹ́nu títí ayé. Èèyàn funfun ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwa tí tiwa máa ń tètè dé, ìdí wà fún wa láti tètè bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti jẹjẹrẹ nílẹ̀ Amẹ́ríkà gba ọkùnrin aláwọ̀ dúdú níyànjú pé kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa àyẹ̀wò yìí láti ẹni ọdún 45, dípò 50 tí wọ́n sọ fún àwọn yòókù. Bí ó bá ju ẹyọ kan lọ nínú bàbá àti ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ lọ́kùnrin tó ti ní i láìtíì dàgbà púpọ̀, láti ẹni ogójì ọdún ni.

Àwọn Yorùbá ti ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Folákẹ́mi Ọdẹ́dínà, tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa oògùn ní yunifásítì Ifẹ̀ kó tó lọ sí Amẹ́ríkà, dá àjọ CaPTC sílẹ̀ ní 2005 láti so àwọn oníwádìí Amẹ́ríkà, Áfíríkà, àwọn erékùṣù Kàríbíà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pọ̀, kí wọ́n lè mọ ìdí tí jẹjẹrẹ próstéètì fi ń yọ ọkùnrin aláwọ̀ dúdú lẹ́nu ju àwọn mìíràn lọ. Bí obìnrin kan bá lè fi iṣẹ́ ayé rẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ tí àwa ọkùnrin kò fẹ́ dárúkọ, ó yẹ kí ojú tì wá díẹ̀.

Ẹ̀kọ́ mìíràn wà ní Los Angeles. Ní 2018, àwọn oníwádìí gbé àbájáde iṣẹ́ kan jáde lórí ìfúnpá gíga, wọ́n ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ 52 láàárín ọkùnrin aláwọ̀ dúdú 319. Dípò kí wọ́n ní kí àwọn ọkùnrin náà wá sílé ìwòsàn, apòògùn ló ń wá bá wọn níbi tí wọ́n ti ń gẹ irun. Ìfúnpá wọn wálẹ̀ gan-an, ó ju ti àwọn tí onígbàjámọ̀ kàn gbà níyànjú lọ dáadáa. Ọ̀rọ̀ ìfúnpá ni, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ọkùnrin kì í kọ ìtọ́jú bó bá dé ibi tó ń jókòó sí, bí ẹni tó mọ̀ bá sì wà níbẹ̀.

Níbo ni ọkùnrin àríwá Èkìtì ń jókòó sí? Ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún ló wà níhìn-ín: Ìkọ̀lé, Ọyẹ́, Ìdó-Òsì, Mọ̀bà àti Iléjeméje. Èkìtì ni ilẹ̀ àwọn tíṣà, nítorí náà ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì kò ní ṣàìkún fún ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ẹgbẹ́ ọkùnrin ìjọ wà, àsàlátù wà, gáréèjì wà, ìdí ẹmu wà lẹ́yìn oko. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011 ní ọgbà ní Ọyẹ́ àti Ìkọ̀lé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ sì lè bá àwọn bàbá sọ̀rọ̀ bí a bá kọ́ wọn ní ohun tó yẹ kí wọ́n sọ. Ìdó ni ilé ìwòsàn ìkọ́ni ìjọba àpapọ̀ wà, èyí tí ọ̀pọ̀ ṣì ń pè ní FMC.

Nítorí náà, ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí níhìn-ín kò ní ṣàìrí ibi tó máa bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kó ṣọ́ra fún ni irú ètò tí a ti mọ̀: wọ́n á ta àgọ́ sí iwájú gbọ̀ngàn ìlú, wọ́n á wọ aṣọ ẹgbẹ́, olóṣèlú á sọ̀rọ̀, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọkùnrin, wọ́n á ya fọ́tò. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n á fi bébà kékeré kan ránṣẹ́ sí bàbá kan pé PSA rẹ̀ jẹ́ 38. Lẹ́yìn náà ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká bá bàbá yẹn rìn. Ká sọ pé Ìpaò ló ti ń bọ̀. Ó gbọ́dọ̀ wá sí Ìkọ̀lé, kó gba Ọyẹ́ àti Ìfàkì kọjá kó tó dé Ìdó. Ó gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́ tí dókítà tó mọ̀ nípa ìtọ̀ ń jókòó. Lọ́jọ́ tó bá débẹ̀, wọ́n á ní kó tún ẹ̀jẹ̀ ṣe, kó lọ ya fọ́tò inú, kó padà wá. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ gé ẹran díẹ̀ nínú próstéètì náà wò, abẹ́rẹ́ yóò mú èyí tó tó bíi mẹ́wàá tàbí méjìlá, á lọ sí láàbù, á tún dúró de èsì. Bí ìtànṣán bá wá di dandan, Ìbàdàn ló sábà ń já sí, tàbí Èkó, níbi tí ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ti ṣí ní 2019. Ìtànṣán kì í ṣe ọjọ́ kan: ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ni, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Níbo ni bàbá máa sùn? Ta ló máa bá a lọ? Ní ojú ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń já bọ́, kì í ṣe nítorí pé wọ́n ya òpè, bí kò ṣe pé owó ọkọ̀ tán, kòkó kò tíì gbẹ, ọmọ tó yẹ kó bá wọn lọ wà ní Àkúrẹ́.

Iṣẹ́ gidi ẹgbẹ́ náà wà níbẹ̀. Kó yan ẹnì kan, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì bó bá ṣeé ṣe, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa pe gbogbo ẹni tí èsì rẹ̀ ga títí yóò fi dé Ìdó. Kó san owó ọkọ̀. Kó wá yàrá kan sí Ìbàdàn, lẹ́bàá ilé ìwòsàn, fún àwọn tó ń gba ìtànṣán. Ọkùnrin ogún tó dé òpin ọ̀nà sàn ju ọgọ́rùn-ún tó gba bébà lọ. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Èkìtì tó wà ní London àti Houston máa ń fi owó ránṣẹ́ sílé fún kànga àti ilé ìkàwé. Tí wọ́n bá ń bọ̀ fún àjíǹde tàbí Kérésìmesì, ẹ jẹ́ kí wọ́n mú owó irú èyí wá. Kò ní àkọlé tí wọn á ṣí aṣọ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n yóò gba ẹ̀mí là.

Ẹni tó yẹ kó máa sọ̀rọ̀ níwájú náà ni ọkùnrin tó ti ṣe é rí. Dókítà lè ṣàlàyé títí, ṣùgbọ́n bí bàbá kan láti Ìlúpéjú bá dìde nínú ìpàdé, tó ní, “Ẹ̀yin ará, èmi náà ti gba ibẹ̀ kọjá, mo ṣì ń lọ sóko,” àwọn tó jókòó á gbọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kí àwọn obìnrin náà má yẹra: ìyàwó ni ó máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé ọkọ òun ń jí lóru ju tẹ́lẹ̀ lọ, ọmọbìnrin ló sì sábà máa ń san owó láàbù.

Ohun kan wà tí ẹgbẹ́ èyíkéyìí kò lè bá wa ṣe, àwa fúnra wa la máa ṣe é. Ẹ wo ìwé ìkéde òkú tó wà lára ògiri gbogbo ìlú wa. “Lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́” ni wọ́n ń kọ síbẹ̀, ìbáà jẹ́ pé bàbá náà dùbúlẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ọkùnrin tí bàbá tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ bá ti ní jẹjẹrẹ próstéètì, ewu tirẹ̀ lè tó ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọkùnrin mẹ́rin lè máa tẹ̀ lé pósí bàbá wọn lọ sí itẹ́, kí gbogbo wọn ti lé ní ogójì ọdún, kí ẹnì kankan nínú wọn má mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kan òun. Kò pọn dandan ká kọ ọ́ sára ògiri. Ṣùgbọ́n nínú ìpàdé ẹbí, kí á tó pín ilẹ̀ àti ilé, kí àgbà kan sọ ohun tó pa bàbá fún àwọn ọmọ.

Fún ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìkọ̀lé, Ọyẹ́ tàbí Ìdó, kó tó rán aṣọ àti fìlà, kó kọ́kọ́ lọ sí Ìdó pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́ta. Bí a bá fi ogún ọkùnrin ránṣẹ́ sí yín lóṣù yìí, ta ni yóò gbà wọ́n? Ọjọ́ wo? Èló? Ìdáhùn tí wọ́n bá gbà ni kí wọ́n kọ sára báńà.